Ọmọ Tó Fẹ́ Wọṣẹ́ Ṣọ́jà: Ohun Tí Ìtàn Wa Sọ fún Òbí ní Irving

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ogun ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ogun tí ó wọ inú ilé ni. Ní ìlú Irving tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá fi ṣe ibùgbé, òbí lè jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan kí ọmọ rẹ̀ tí ó ti pé ọdún méjìdínlógún tàbí ogún ọdún wá bá a, kí ó ní, "Dádì, mo fẹ́ wọṣẹ́ ológun." Bàbá á dákẹ́. Ìyá á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé torí èyí ni a ṣe gbé ọ wá síbí?" Wọ́n á tẹ ẹ̀gbọ́n láago ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n á ní kí wọ́n tètè pe pásítọ̀ tàbí ààfáà. Gbogbo ilé á dàrú.

Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá dé bá máa ń rò pé òun nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí, pé Amẹ́ríkà ni ó ba ọmọ òun jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ tí ó fẹ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Bí a bá yẹ ìtàn wò dáadáa, a ó rí ohun kan tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra láti nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn: ẹ̀yìn òbí ni ọmọ ń gbà lọ. Ìkọ̀ òbí kì í sábà dá ọmọ dúró. Ohun tí ó máa ń fà ni pé kí ọmọ lọ láìsọ, láìbéèrè, láìmọ ohun tí ó ń lọ bá. Èyí ni a fẹ́ kí àwọn òbí wa ní Irving rò dáadáa.

Ogun ayé àtijọ́

Kí òyìnbó tó dé, ogun jẹ́ ti ìlú àti ti agboolé. Balógun, Ọ̀tún àti Òsì ni wọ́n ń ṣíwájú, olóyè ogun kọ̀ọ̀kan sì ń kó àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá mọ olórí tí ọmọ òun ń tẹ̀ lé, ó mọ ohun tó fa ogun, nígbà púpọ̀ sì ni bàbá alára wà lójú ogun náà.

A kò wí pé èyí mú kí ikú ọmọ fúyẹ́. Ẹ rántí Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Ìjàyè. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀ pé Àrẹ̀mọ Adélù kò gbọdọ̀ jọba, nítorí pé àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn ti Adélù lẹ́yìn, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ìtàn sọ pé márùn-ún nínú àwọn ọmọkùnrin Kúrunmí ni ó bá ogun náà lọ. Ìbànújẹ́ yẹn kò kúrò lára bàbá wọn. Ó kú ní ọdún 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní ọdún 1862. Síbẹ̀, Kúrunmí mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ kú sí, ó mọ ìdí tí wọ́n fi kú, ogun tirẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń jà. Kò sí àjèjì kankan tí ó wá mú ọmọ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣọ́jà òyìnbó dé

Nǹkan yí padà lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861. Ní ọdún 1863, John Glover bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ níbẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí àwọn Háúsá Glover. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ní òkè wá sí Èkó. Ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ náà, ọwọ́ olówó rẹ̀ kò tó o mọ́. Inú bí àwọn olówó ẹrú gidigidi, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó ba àárín Èkó àti àwọn ìlú òkè jẹ́.

Kò sí ẹni tí yóò bá olówó ẹrú kẹ́dùn lónìí. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ ṣọ́jà ti jẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jáde nínú ilé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Lójú ẹni tí kò rí àǹfààní kankan nílé, ọ̀nà òmìnira ni.

Aṣọ kan náà ni wọ́n tún wọ̀ wá bá ìlú jà. Ní ọdún 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ní ọdún 1895, Captain Bower yin ìbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1897 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ ológun West African Frontier Force jọ lábẹ́ Lugard, ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ti ka ṣọ́jà sí iṣẹ́ ẹni tí kò nílé, tí kò lóko, tí kò sì kàwé. Ọmọ tí a bá rán ní ilé ìwé, akọ̀wé tàbí tíṣà ni a fẹ́ kí ó dà.

Ọmọ Ẹ̀múré-Ilé tí ó lọ sí Bọ́mà

Ẹ gbọ́ ìtàn Isaac Fadoyebo. Ẹ̀múré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1925. Ní òpin ọdún 1941, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó kúrò nílé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, ó sì lọ di ṣọ́jà ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti kàwé níwọ̀nba, iṣẹ́ ológun sì dà bí iṣẹ́ tí ó dára lójú rẹ̀. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì kó wọn sọdá òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ dé Bọ́mà tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Nǹkan bí 90,000 ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó lọ sí apá Éṣíà nínú ogun yẹn, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká Isaac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ etí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn bà á níkùn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà kú. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n wà nínú igbó láàárín àwọn ọ̀tá fún oṣù mẹ́sàn-án. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni bí àwọn ará Japan bá mọ̀, wọn ì bá pa á. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni àwọn ọmọ ogun Gurkha tí ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn kó jáde. Isaac padà sílé ní ọdún 1945, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Isaac kú ní ọdún 2012.

Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń yin ìgboyà ọmọ nínú ìtàn yìí. Ẹ jẹ́ kí àwa wo òbí. Fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, kò sí lẹ́tà kan tí ó lè ti ọwọ́ ọmọ yẹn dé Ẹ̀múré-Ilé. Yorùbá ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò rí òkú sin, wọn kò sì rí ààyè kí káàbọ̀. Ohun tí ó tún burú ni pé kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó pẹ̀lú ọmọ náà kí ó tó lọ, tí wọ́n fi bi í pé: ogun ta ni? Ibo ni wọ́n ń kó yín lọ? Ìgbà wo ni ẹ ó padà? Ọmọ náà ti mọ ohun tí wọn yóò sọ, nítorí náà kò bi wọ́n.

Ọmọ Abẹ́òkúta tí kò rówó yunifásítì

Ní ọdún 1958, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jáde ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó yege nínú ìdánwò àtiwọ University College, Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò rí owó san. Ó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé iṣẹ́ ológun ń wá àwọn tí wọn yóò kọ́ ní iṣẹ́ ọ̀gá. Ó rò ó pé owó oṣù ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀, òun sì lè tibẹ̀ di ẹnjiníà. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Ó wọṣẹ́ náà, kò sì kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé, torí ó mọ̀ pé àwọn òbí òun kò ní gbà. Wọ́n rán an lọ sí Teshie ní Ghana, lẹ́yìn náà sí Aldershot ní England. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1958, bàbá rẹ̀ sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oyè tí ó wá jẹ nígbà tí ó yá gba ọkàn wa. Ohun tí ó kàn wá níbí ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ogun ni ó gbé e lọ. Owó ilé ìwé ni. Owó ilé ìwé yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Texas ń wá lónìí.

Aṣọ tí bàbá rí àti aṣọ tí ọmọ rí

Kí ló dé tí ọkàn òbí Yorùbá fi máa ń já tó bẹ́ẹ̀ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́jà? Ojú ti rí. Ní oṣù keje ọdún 1966, wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi tí ó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ogun abẹ́lé jà láti 1967 di 1970, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà sì fẹ̀ láti nǹkan bí 10,000 dé nǹkan bí 250,000, ọmọ ta ni wọn í ṣe bí kì í bá ṣe ọmọ ènìyàn? Lẹ́yìn èyí ni ṣọ́jà jókòó sórí ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fagi lé ìdìbò 12 June 1993. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa àwọn tí ó ń fi ẹ̀hónú hàn ní Èkó. Wọ́n ti M.K.O. Abíọ́lá mọ́lé ní ọdún 1994, wọ́n pa Kúdírátù aya rẹ̀ ní ọdún 1996, Abíọ́lá náà sì kú sí àtìmọ́lé ní ọdún 1998.

Àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ìwé ìgbélùú tí Amẹ́ríkà ń fi ìbò fúnni bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, púpọ̀ ni ó sì bá a wọlé. Ẹni tí ó sá fún aṣọ ṣọ́jà dé Texas, ṣé ẹ̀rù kò yẹ kí ó bà á bí ọmọ rẹ̀ bá ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́?

Ṣùgbọ́n aṣọ tí ọmọ rí kọ́ ni èyí tí bàbá rí. Apá kan pápákọ̀ òfurufú ńlá DFW bọ́ sínú ilẹ̀ Irving. Láti ọdún 2004 di 2012, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tí ó ń ti Iraq àti Afghanistan bọ̀ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ń gbà wọlé. Àwọn ará ìlú, àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn ṣọ́jà àtijọ́ máa ń tò síbẹ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa ju àsíá, wọ́n á máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ tí ó dàgbà ní Irving ní àkókò yẹn mọ ṣọ́jà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìlú ń dìde fún. Bí bàbá bá ń sọ ti kòbókò, tí ọmọ ń rò nípa àtẹ́wọ́, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ sọ ìtàn tirẹ̀ fún ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ sọ tirẹ̀.

Ohun tí òfin Amẹ́ríkà wí

Ó yẹ kí òbí mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Amẹ́ríkà ti dẹ́kun fífi ipá mú ènìyàn wọṣẹ́ ológun láti ọdún 1973. Ìforúkọsílẹ̀ Selective Service tí òfin là sílẹ̀ fún ọkùnrin láti ọdún méjìdínlógún sí márùndínlọ́gbọ̀n, títí kan àwọn tí ó ní green card, kì í ṣe wíwọṣẹ́ ológun. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò lè wọṣẹ́ náà àfi bí òbí bá fọwọ́ síwèé. Bí ó bá ti pé méjìdínlógún, kò sí ẹni tí yóò béèrè òbí mọ́.

Àǹfààní tí ń fa ọmọ lọ kì í ṣe irọ́. Òfin GI Bill tuntun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008 lè san owó ilé ìwé fún oṣù mẹ́rìndínlógójì. Òfin Hazlewood ti ìpínlẹ̀ Texas sì lè mú owó ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn ẹni tí ó bá ti Texas wọṣẹ́, ní yunifásítì ìjọba, títí dé 150 wákàtí ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó ní green card náà lè wọṣẹ́, bí kò tilẹ̀ lè di ọ̀gá ológun kí ó tó di ọmọ orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà tí Ààrẹ George W. Bush ti fọwọ́ sí àṣẹ kan ní 3 July 2002, ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ológun kò ní láti dúró de ọdún márùn-ún bíi tiwa kí ó tó béèrè ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà fún agbègbè Dallas wà ní Irving níbí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Nǹkan bí 4,500 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni ó kú ní Iraq, ó lé ní 2,400 tí ó kú ní Afghanistan. Ìwé àdéhùn tí ọmọ ń fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kíní kì í ṣe ti ọdún mẹ́rin péré bí wọ́n ṣe máa ń rò. Ọdún mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá lo mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ṣì lè pè é padà nínú mẹ́rin tí ó kù.

Ohun tí òbí lè ṣe

Bí a bá wo Isaac Fadoyebo àti Ọbásanjọ́, a ó rí i pé "mo kọ̀" tí òbí ì bá sọ kò ní àǹfààní, torí ọmọ kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ. Ìbéèrè ni ó lè ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí òbí fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi ọmọ pé: iṣẹ́ wo ni wọ́n fún ọ, ṣé ó wà nínú ìwé àdéhùn tàbí ẹnu lásán ni? Ṣé ti gbogbo ìgbà ni, àbí Reserve, àbí National Guard ti ìpínlẹ̀? Èló ni o gbà nínú ìdánwò ASVAB, ṣé kò yẹ kí o tún un ṣe kí iṣẹ́ tí ó dára jù lè kàn ọ́? Ṣé o ti wo ROTC, irú èyí tí ó wà ní yunifásítì ìjọba ní Arlington, tí kò jìnnà sí wa, níbi tí o ti lè gba oyè kí o sì jáde ní ọ̀gá?

Ìbéèrè kan wà tí ó jẹ́ ti òbí Yorùbá gan-an: ẹ̀jẹ̀. Òbí mọ̀ bóyá ọmọ òun jẹ́ AS, ọmọ lè má mọ̀ ọ́n. AS kì í sábà dí ènìyàn lọ́wọ́ láti wọṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 fi hàn pé ikú òjijì pọ̀ láàárín àwọn AS nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun ju àwọn yòókù lọ. Èyí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti mú ìṣọ́ra le, kò rí ikú tí ó pọ̀ jù mọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé iṣan ara àwọn AS tètè ń bàjẹ́ bí iṣẹ́ agbára bá pọ̀ jù. Omi mímu, ìsinmi àti ìṣọ́ra nínú ooru lè gba ẹ̀mí là. Ọmọ tí ó bá yọ́ jáde kò ní gbọ́ èyí lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Bí òbí bá ti béèrè tán, tí ọmọ sì dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yí ọkàn padà. Ó tún ṣeé ṣe kí ó lọ. Bí ó bá lọ, yóò lọ pẹ̀lú ìwé tí ó ti kà dáadáa, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé tí ó lè pè láìtijú, àti pẹ̀lú òbí tí ó mọ ibi tí ó wà. Ìyá ní Ẹ̀múré-Ilé kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí ní ọdún 1944.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ni ó ní agbára láti fọwọ́ síwèé, òbí ni ó ní ìrírí. Ẹ̀yin òbí wa ní Irving àti níbi gbogbo, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu yín jẹ́ èyí tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Ẹ ní kí ó jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi ọmọ wa ṣòfò. Àmín.